Ọ̀dà Tó Bá Ọdún Mu
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin

Ẹ rántí àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí oníbàárà kan gbé mólúè àtijọ́ wá bá àwọn tó ń kun ọkọ̀ nínú wa ní Festac, tó ní kí á dá a padà sí bó ṣe rí nígbà tó ń ná Òṣòdì. Àwọn kan ní yẹ́lò ni yẹ́lò ń jẹ́. Àwọn kan ní irọ́ ni. Àwa wá rí i pé àwọn tó ń tún ọkọ̀ òfuurufú ogun àtijọ́ ṣe ti ń ja irú ìjà yìí tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà pàápàá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ènìyàn ilẹ̀ wa dáwó ra ọkọ̀ ogun Spitfire, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fi orúkọ wa pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú kan, No. 91 (Nigeria) Squadron, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní January 1941. Lẹ́tà DL ló wà lára ọkọ̀ wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kun Spitfire ní àwọ̀ ẹgbẹ́ yìí lónìí, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ọdún wo, oṣù wo? Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1941, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ilẹ̀ ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà. Ní August 1941 wọ́n yọ àwọ̀ ilẹ̀ kúrò, wọ́n fi àwọ̀ eérú rọ́pò rẹ̀. Ní June 1944, nígbà tí wọ́n fẹ́ gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Faransé, wọ́n fa ìlà dúdú àti funfun sí apá àti ara ọkọ̀ kí àwọn ọmọ ogun tiwọn má baà yìnbọn lù ú. Ìkánjú ni wọ́n fi ṣe é, búrọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ fi kùn ún, ìlà náà kò sì gún. Ẹni tó bá fi téèpù fà á tó gún régé lónìí, iṣẹ́ rẹ̀ dára ju òótọ́ lọ.

Fọ́tò àtijọ́ kò tó ẹ̀rí. Fíìmù kan wà láyé ọjọ́un tó máa ń sọ pupa di dúdú, tó sì máa ń mú kí yẹ́lò ṣú. Nítorí náà ni wọ́n fi ń họ ọ̀dà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bó àlùbọ́sà, títí wọn yóò fi kan ti àkọ́kọ́. Ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọ̀dà àkọ́kọ́ ń sá sí: ìdí ìlẹ̀kùn, abẹ́ rọ́bà fèrèsé. Abẹ́ rọ́bà fèrèsé la ti rí yẹ́lò mólúè wa. Ó pọ́n ju ti ìsinsìnyí lọ. Àwọn tó ní irọ́ ni ló borí.

Ní ilé ìṣúra ogun tí wọ́n ṣí ní Umuahia ní 1985, ọkọ̀ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Minicon. Sweden ni wọ́n ti ṣe irú rẹ̀, kì í sì í ṣe fún ogun. Von Rosen àti àwọn ará Biafra kùn wọ́n ní àwọ̀ ewé ní 1969 kí igbó lè fi wọ́n pamọ́. Bí ẹnì kan bá fi ọ̀dà dídán mọ́rán-mọ́rán kun irú èyí nítorí kó lè wu àlejò, ó ti pa ìtàn náà rẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tó kan wá gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́. Kúrómétì, tó lè fa jẹjẹrẹ, ló sì wà nínú ọ̀dà ìsàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó bá fi sáńpépà họ ọ́ ní gbígbẹ ń fa eruku májèlé símú, bó bá sì wọ aṣọ iṣẹ́ délé, ó ń kó òjé lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀. A mọ arákùnrin kan tí ọ̀gá rẹ̀ fún ní áńkáṣíìfù kan láti fi bo imú. Ọdún mẹ́ta ló fi ń wúkọ́. Àwọ̀ ni kó jọ ti àtijọ́, májèlé inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jọ ọ́. Ọ̀dà tí kò ní òjé lè jọ ọ́ bí a bá pò ó dáadáa.

A ti sọ fún oníbàárà wa pé owó ìbòmú gidi àti owó aṣọ iṣẹ́ wà nínú owó tí yóò san. Ó kọ́kọ́ kùn, ó sì gbà. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi họ ọ́.