Ìwé Àdéhùn fún Ọmọ Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin ìyá aláṣọ Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, tí ẹ ń fi ‘máa bọ̀ lọ́la’ nìkan gba ọmọ sí ṣọ́ọ̀bù, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí oṣù mẹ́ta ó tó pé, kí ìwé tí owó oṣù, wákàtí iṣẹ́ àti ìlànà ìpínyà hàn kedere nínú rẹ̀ ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, kóòtù òṣìṣẹ́ sì wà n'Ìbàdàn níbí. Bí ìgàn àǹkárá bá sọnù ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ń gbà wọlé, nítorí ọ̀pọ̀ yín a máa yọ ọ́ nínú owó ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ òfin kò fàyè gba ìtanràn. Bí àìbìkítà rẹ̀ tilẹ̀ dájú, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń mójú tó ọ̀ràn iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ fi ìwé gbà yín láyè.