Ìbọn Ṣakabùlà àti Ààbò Ìlú

  Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lé ohun kan tí ó wà ní ọ̀pọ̀ agboolé, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ìtàn rẹ̀ mọ́: ìbọn ṣakabùlà àtijọ́ tí ó fara ti ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe ọdẹ nìkan ni a fi ìbọn yìí ṣe. Ohun ìjà ogun ni. Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni a ti rọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ìbọn tí ń fi òkúta ṣáná tì, àwọn oníṣòwò sì ń kó ògbólógbòó wọn wá sí etíkun wa. Ìdí nìyí tí a fi ń rí àmì adé àti ọ̀rọ̀ náà TOWER lára irin àwọn kan.

Ọmọ ogun yóò da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, yóò sọ ọta sí i, yóò fi ọ̀pá kì í wọlé. Yóò sì bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ojú àwo kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá fa apátí, òkúta yóò gbá irin, iná yóò ṣẹ́, ẹ̀tù yóò gbaná. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá kò lè yìn ín ju bí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ ní ìṣẹ́jú kan, bí òjò bá sì pa ẹ̀tù, igi lásán ni. Nítorí náà, ìbọn kan ṣoṣo kò gba ìlú. Àfi kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró papọ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta nìyẹn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851, ogun Ọba Ghezo ti Dahomey, tí àwọn obìnrin ajagun wà nínú wọn, kọlu odi ìlú náà ní ìhà Àrò. Abẹ́òkúta kò ní ọmọ ogun tí ń gba owó oṣù. Àgbẹ̀, ahunṣọ àti alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, oníkálukú lẹ́yìn olórí ogun ìlú tirẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n lé ogun náà padà. Ní 1864, ogun Ọba Glele tún wá, ó tún pòfo. Ẹfúnróyè Tinúbú wà lára àwọn tí ó wá ìbọn àti ẹ̀tù fún ìlú. Ní ọdún náà ni ó jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá.

Ìgbà ìbọn yìí kò pẹ́ títí. Nínú ogun Kírìjì, tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìbọn tuntun tí a ń ti ìdí kì dé láti Èkó sọ́wọ́ Èkìtìparapọ̀. Ṣakabùlà kò tó o bá figa gbága mọ́. Ó padà sọ́wọ́ ọdẹ, ó padà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí a bá mọ ẹni tí ó di ìbọn náà mú àti odi tí ó dúró sí, ìtàn ìlú ni. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, irin dídógùn-ún ni, ẹni tí ń ra irin àtijọ́ yóò sì gbé e lọ. Àwa awo kì í kọ́ ẹsẹ̀ Ifá kí a má mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí a ti kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìbọn baba wa. Kí a bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà. Kí a kọ orúkọ sílẹ̀. Kí a má ṣe ha àmì ara irin rẹ̀ dànù.

Ẹ má sì ṣe yìn ín níbi ọdún. Irin tí ó ti dógùn-ún lè bẹ́ mọ́ ẹni tí ó dì í mú lọ́wọ́, ẹ̀tù àtijọ́ sì lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìbọn kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn baba wa ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun?

Kí orúkọ àwọn tí ó dáàbò bo ìlú má ṣe parun mọ́ wa lọ́wọ́. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.