Ọjà Lè Tì, Ẹnu Wa Ò Gbọdọ̀ Tì

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi ní Mile 12,

Ṣé ẹ rántí kónílé-ó-gbélé ọdún 2020? Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ló bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó nítorí kòrónà. Ọjọ́ 14 ni ìjọba kọ́kọ́ pè é, ó di ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún kí wọ́n tó dẹwọ́.

Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Tòmátì mi jẹrà, mo wá ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi láìṣẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa pè mí, ó ní, "Ìyá Akọ̀wé, ṣé ẹ ti jẹun?" Mo sunkún, ara mi sì wálẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí ìwé orúkọ wa, mo ń pe ẹni méjì-méjì lálẹ́. Opó kan ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tóun ti gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni gbẹ̀yìn. Gaàrì ti tán nílé ẹ̀, ojú ń tì í láti sọ. A dáwó, ẹni tó sún mọ́ ọn gbé oúnjẹ lọ.

Nítorí náà, ẹ gba nọ́ńbà ẹni tí ìsọ̀ ẹ̀ kan tiyín lónìí. Ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́.