Ilù Tí A Tà Tó Tún Padà Wálé

Ọ̀rọ̀ èrè la fẹ́ sọ lónìí. Àwọn kan nínú yín ń ra ilù lọ́jà Àjàrá, lẹ́bàá Àjàṣẹ́, wọ́n ń lọ tà á lábúlé. Ẹ gbọ́ o.

Ká ní ẹnì kan ra gángan márùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan 12.000 fráǹkì. Ó ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 15.000. Èrè orí ilù kan jẹ́ 3.000, ti márààrún jẹ́ 15.000. Inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tó yá, onílù kan gbé tirẹ̀ padà wá: «Awọ rẹ̀ ti ya. Owó mi dà?» Ó dá 15.000 padà fún un. Ṣé èrè 3.000 nìkan ló bọ́? Rárá o! Ó san 4.000 fún awọ tuntun àti iṣẹ́ ọwọ́, ó san 500 fún ọkọ̀. Ilù tó rà ní 12.000 ti di 16.500. Wọ́n ti lò ó, 13.000 péré ló rí tà á. Ó pàdánù 3.500.

Èrè ilù mẹ́rin yòókù jẹ́ 12.000. Ẹ yọ 3.500 kúrò, ó ku 8.500. Ilù kan ṣoṣo ti jẹ èrè ilù méjì, ó tún jẹ lé e!

Àwọn kan á ní: «Ọjà tí mo bá ti tà, n kò gbà á mọ́.» Ẹ rántí pé onílù ní ẹnu. Tó bá bínú lọ, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò gbọ́. Kí wá ni ká ṣe?

Èkíní: kí o tó rà á, yẹ igi rẹ̀ wò, bóyá ó là. Wo awọ, wo ọsán, fi kọ̀ǹgọ́ lù ú. Tún lù ú lójú ẹni tó fẹ́ rà á.

Èkejì: sọ fún un pé lásìkò òjò, awọ a máa rọ̀, ohùn ilù a sì lọ sílẹ̀. Kò bàjẹ́ o. Kó sá a sóòrùn díẹ̀, kó má gbé e sún mọ́ iná jù. Bó bá gbé irú rẹ̀ padà, má sáré dá owó padà. Ẹ jọ sá a, ẹ jọ lù ú wò.

Ẹ̀kẹta: ẹ jọ ṣe àdéhùn kó tó sanwó. Ọjọ́ mélòó lo fún un? Bí òun fúnra rẹ̀ bá ya awọ ńkọ́? Kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, iye owó àti àdéhùn sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin: má ná gbogbo èrè lọ́jọ́ tó wọlé. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Fi díẹ̀ pamọ́ de ilù tó lè padà.

Ìdí tí a fi ń kọ́ ìwé nìyẹn. Bí a bá tún pàdé, kí olúkúlùkù mú ìṣirò ọjà tirẹ̀ wá, ká jọ wo ibi tí èrè ń gbà lọ.