Fọ́tò Yíyà: Èwo Ni Ká Rà Láti Ṣáínà?

Tòní kan ẹ̀yin tó ń ya fọ́tò, tí ẹ sì ń ra nǹkan lórí AliExpress.

Ohun tí kò lo iná, ẹ rà á níbẹ̀: ìdérí lẹ́ǹsì, okùn ọrùn, fílítà. Ẹ kọ́kọ́ wo iwájú lẹ́ǹsì yín. Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ø ni ìwọ̀n fílítà rẹ̀. Tí ọ̀kan bá jẹ́ 67, tí èkejì jẹ́ 77, ẹ ra fílítà 77 kan ṣoṣo, pẹ̀lú òrùka tó ń so 67 mọ́ 77. Ẹ ti yọ owó fílítà kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó tí wọ́n máa fi gbé e wá mọ́ ọn.

Mẹ́mọ́rì ńkọ́? Mo ra ọ̀kan lówó pọ́ọ́kú, wọ́n kọ 128GB sí i lára. Mo gbé e lọ síbi ìgbéyàwó. Nígbà tí mo délé, fọ́tò àárọ̀ nìkan ló ṣí. Mo dá owó wọn padà, àmọ́ ta ló lè dá ọjọ́ náà padà?

Níbikíbi tí ẹ bá ti ra mẹ́mọ́rì, ẹ kó fídíò sí i títí yóò fi kún, kí ẹ ṣí àwọn tó kẹ́yìn wò, kí ẹ tó gbé e lọ sóde.

Ó dìgbà kan ná.