Abéèrè Kì Í Ṣìnà, Ṣùgbọ́n Ta Ni Ẹ Bi?
Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé wa

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún mi, mi ò sì ní kọjá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ yìí.

Ẹ ti gbọ́ pé ọ̀dọ́ méjìdínlógún ló ti forúkọ sílẹ̀ láti lọ lo ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà ní Benin àti Tógò nínú oṣù Kejìlá. Benin ti Kùtọ̀nú ni mò ń wí o, kì í ṣe ti Ẹdó. Àwọn òbí ló san owó fún púpọ̀ nínú wọn, owó ò sì sí nílẹ̀ báyìí, gbogbo wa la mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó jọ pé kò tó nǹkan: ìwé afinimọ̀nà, èyí tí àwọn olóyìnbó ń pè ní guidebook. Èwo ni ká rà?

Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà. Tótó ṣe bí òwe o. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí i pé èèyàn lè béèrè kó sì tún ṣìnà, tó bá jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ló lọ bi.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì múra ó di Benin. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, owó wa ò pọ̀. Mo ra ìwé afinimọ̀nà kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù ìwé lẹ́bàá títì. Ó nípọn, àwòrán inú rẹ̀ rẹwà, owó rẹ̀ ò sì ga. Nígbà tí a dé bọ́dà, ọkùnrin kan tó ní òun máa ń bá èèyàn ṣètò ìwé sọ pé a gbọ́dọ̀ gba físà. Mo yára ṣí ìwé mi. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀ pé àlejò gbọ́dọ̀ ní físà. La bá sanwó fún un.

Ìgbà tí a padà wọ ọkọ̀ ni màmá kan tó ń kó aṣọ láàárín Èkó àti Kùtọ̀nú bi wá pé kí ló dá wa dúró tó bẹ́ẹ̀. A ròyìn fún wọn. Màmá pariwo: "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Ọmọ Nàìjíríà wo ló ń gba físà Benin? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Mo ní ìwé ni. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo òyìnbó tó gbé báàgì sẹ́yìn lórí èèpo rẹ̀, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ ni wọ́n kọ èyí fún?"

Owó tí a san yẹn, owó oúnjẹ wa ni. Ọjọ́ mẹ́rin la fẹ́ lò, ọjọ́ kejì la padà sílé. Abomey tí mo tìtorí ẹ̀ lọ, mi ò tíì débẹ̀ títí dòní. Mi ò fẹ́ kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èèyàn méjìdínlógún.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ wo ẹni tí wọ́n kọ ìwé náà fún. Ìwé yẹn ò parọ́ o, òyìnbó ló ń bá sọ̀rọ̀. Tony Wheeler àti Maureen ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Lonely Planet lọ́dún 1973, rìnrìn àjò láti Lọ́ńdọ̀nù dé Ọsirélíà kí wọ́n tó kọ ìwé àkọ́kọ́ wọn. Mark Ellingham kọ Rough Guide àkọ́kọ́ lórí ilẹ̀ Gíríìsì lọ́dún 1982. Ẹni tó jọ wọ́n ni wọ́n ń kọ̀wé sí, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Àmọ́ àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ti gbà pé kí àwa ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà wọ ilẹ̀ ara wa láìgba físà, tí a ò bá ní lò ju 90 ọjọ́ lọ. Pásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS àti yẹ́lò káàdì ni kẹ́ ẹ mú dání. Orí tí wọ́n bá kọ nípa físà, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín.

Èkejì, ẹ wo ọdún. Ẹ má wo èèpo ìwé, ẹ ṣí ojú ewé tó wà lẹ́yìn àkọlé, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọdún àti iye ìgbà tí wọ́n ti tún un ṣe. Kẹ́ ẹ sì rántí pé ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, ó ti bọ̀, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi yẹ́lò káàdì ṣe àpẹẹrẹ. Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ọdún 10 ni èèyàn ń tún abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbà. Láti oṣù Keje ọdún 2016, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó títí ayé. Ẹni tó bá ń ka ìwé tó jáde ṣáájú ìgbà yẹn á kàn lọ gba abẹ́rẹ́ tí kò nílò ni.

Ṣé ká wá kó ìwé àtijọ́ dànù? Rárá o. Ìtàn kì í bà jẹ́. Àwọn ààfin Abomey ti wà nínú ìwé àjogúnbá UNESCO látọdún 1985, ilé orí omi Ganvié ṣì wà lórí ọ̀sà Nokoué. Iye owó, ilé ìtura àti ọkọ̀ ló dà bí àkàrà, gbígbóná ló dùn.

Ẹ̀kẹta, ẹ dán an wò. Ìwé tó kó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sábà máa ń ní orí kan lórí Nàìjíríà. Ẹ ṣí Ìbàdàn tàbí Èkó. Tí ohun tó sọ nípa ibi tẹ́ ẹ mọ̀ kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí lẹ fẹ́ fi gba ohun tó sọ nípa ibi tẹ́ ẹ ò dé rí gbọ́?

Ẹ̀kẹrin, kí ìwé bá ìrìnàjò mu. Ìwé tó kó orílẹ̀-èdè púpọ̀ pọ̀ máa ń sáré kọjá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bradt ní ìwé tó dá lórí Benin nìkan, Petit Futé náà ní tiẹ̀ fún ẹni tó gbọ́ Faransé. Ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Àjàṣẹ́, ẹ máa gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n Fọ̀n àti Faransé ló pọ̀ jù ní Kùtọ̀nú, nítorí náà, kí ìwé náà ní ojú ewé tó kọ́ni bí a ṣe ń béèrè ọ̀nà àti iye owó. Kó sì sọ fún yín pé owó sẹ́fà kan náà ni wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò, àmọ́ aago Tógò fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Benin. Ẹni tí kò mọ ìyẹn lè pàdánù ọkọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Ṣebí Google wà?" Ó wà o. Ṣùgbọ́n tí síìmù yín ò bá ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn bọ́dà, tí bátìrì sì kú, ìwé kì í béèrè dátà.

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí: ìwé tuntun méjì la máa fowó ẹgbẹ́ rà, gbogbo wa la máa kà á. A ó sì pe àwọn ìyá wa tó ń ṣòwò lọ sí Kùtọ̀nú kí wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀ kí a tó gbéra.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi rèé. Lọ́dún 1936, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní New York, Victor Hugo Green, tó ń pín lẹ́tà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé tó ń sọ ibi tí aláwọ̀ dúdú ti lè sùn, tó ti lè jẹun, tó ti lè ra epo ní Amẹ́ríkà láìsí ìwọ̀sí. Kò dúró de ẹni tó máa bá a kọ ọ́. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sókè òkun ń bọ̀ wálé lọ́dún tuntun. Ta ló máa sọ ọjọ́ ọjà fún wọn? Ta ló máa sọ iye owó ọ̀kadà, ibi tí ilé ìwòsàn wà, ẹni tí a kọ́kọ́ ń lọ kí? Ẹ̀ka ọ̀dọ́ fẹ́ kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ dájú ránṣẹ́ sórí gúrúùpù wa kó tó di ìpàdé tó ń bọ̀. Kẹ́ ẹ kọ ọdún sí i o.

A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire.