Fọ́tò Ìsinmi Ọyẹ́ Tí A Fi Awò Àfọwọ́yí Yà

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bá wa sọ ní ìpàdé ẹ̀ka Kọ́tà Rélùwéè, Sábọ́n Gàrí, Kánò)

Mo rí i pé ètè ọ̀pọ̀ nínú wa ti là, nítorí náà n kò ní í sọ ohun tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín jù.

Akọ̀wé wa ni ó ní kí n kó àwọn fọ́tò tí mo yà láàrin Kérésì sí ọdún tuntun wá, kí n sì sọ bí mo ṣe yà wọ́n. Mẹ́fà ni wọ́n. Mo ti fi wọ́n lé Alàgà lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Etí wọn ni kí ẹ dì mú, nítorí mo rí àkàrà lórí tábìlì yẹn.

Bàbá mi ni ó fi awò tí mo lò sílẹ̀ fún mi. Ara kámẹ́rà Zenit kan ni ó wà, èyí tí bàbá mi rà ní àlòkù nígbà tí ó ń ṣe akọ̀wé níbi iṣẹ́ rélùwéè. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ṣe é. Helios 44-2 ni orúkọ awò náà, awò Biotar ti ilé iṣẹ́ Zeiss ní Jámánì ni wọ́n sì wò ṣe é. Kámẹ́rà ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n awò kò kú. Òrùka irin kékeré kan ni mo fi so ó mọ́ kámẹ́rà òde òní tí kì í lo fíìmù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ̀ pé kámẹ́rà kì í fúnra rẹ̀ wá ojú ènìyàn tẹ́lẹ̀. Ọdún 1977 ni Konica gbé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde sọ́jà. Ṣáájú ìgbà náà, ọwọ́ ayàwòrán ni ó ń ṣe é. Òrùka kan wà lára awò bàbá mi tí a kọ iye mítà sí. Bí ẹni tí a fẹ́ yà bá jókòó ní mítà 2, ibẹ̀ ni a ó yí i sí. Bí a kò bá yí i re, ojú onítọ̀hún á rí bàìbàì bí ìgbà tí a fi omijé wò ó. Òrùka kejì ni ó ń ṣí ihò ìmọ́lẹ̀, tí ó sì ń pa á dé. Nọ́ńbà 2 ni ihò ńlá, 16 ni ihò tín-ín-rín. Ó pẹ́ kí n tó gbà á gbọ́.

Fọ́tò àkọ́kọ́, ẹ ó rí irin rélùwéè ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì. Irin yìí ti dé Kánò láti ọdún 1911, òun ni ó sì kó ọ̀pọ̀ bàbá wa wá síbí. Funfun tí ẹ rí nínú fọ́tò náà kì í ṣe àbùkù, eruku ni. Láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń bọ̀, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé. Kámẹ́rà tí ń dá wá nǹkan a máa ṣiyèméjì nínú irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀, nítorí ìyàtọ̀ láàrin dúdú àti funfun ni ó ń wá, ọyẹ́ sì ti pa ìyàtọ̀ náà rẹ́. Èmi wulẹ̀ fi òpó kan ṣe àmì, mo yí òrùka mi.

Eruku yìí kan náà ni ọ̀tá awò. Ẹ má ṣe fi etí aṣọ nù ún o! Yanrìn wà nínú rẹ̀, yóò ha á. Ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà tí ń fẹ́ atẹ́gùn fẹ́ ẹ dànù. Àmọ́ Kánò ní oore tirẹ̀: ní Èkó, níbi tí ọ̀rinrin pọ̀, awò a máa bu bí búrẹ́dì.

Èkejì àti ẹ̀kẹta, ìyá wa alákàrà ni. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ nípa wọn, n kò sì ní í sọ.

Ẹ̀kẹrin àti ìkarùn-ún ni mo tìtorí wọn dìde. Bàbá wa kan ará Ọ̀fà ni, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Ìgboro ni ó ń gbé nísinsìnyí, ṣùgbọ́n ó ní iwájú Kọ́tà tí òun gbé rí ni kí n ti ya òun. Àwọn olólùfẹ́ awò àtijọ́ káàkiri ayé fẹ́ràn Helios yìí nítorí pé bí a bá ṣí ihò rẹ̀ tán, ohun tí ó wà lẹ́yìn ènìyàn a máa yí po bí omi tí a fi igi rò. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Mo ṣí i dé 2, mo dúró ní mítà 2. Níbẹ̀, ibi tí ó mọ́ kedere kò ju ìnṣì 6 lọ: ojú Bàbá ń dán, fìlà rẹ̀ dára. Mo fi hàn án, inú mi ń dùn.

Bàbá wò ó títí. “Ọmọ mi, o yà mí dáadáa. Ṣùgbọ́n ilé dà?”

Mo ní, “Ilé wo, Bàbá?”

“Ilé tí mo ní kí o yà mí níwájú rẹ̀. O ti fi omi fọ̀ ọ́ dànù. Àwọn ọmọ mi á ní ibikíbi ni mo jókòó sí.”

Yàrá kan ni òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé níbẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta sí. Méjì nínú wọn wà ní òkè òkun. Àwọn ọmọ wọn kò mọ Kánò. Ojú tì mí díẹ̀. Mo rántí ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, tí ó lọ wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, tí ó sì kọ ọ́ jáde ní 1978. Ó rí i pé àwọn àgbà Yorùbá a máa jókòó kọjú sí kámẹ́rà, ọwọ́ méjèèjì lórí eékún, gbogbo ara pátá nínú fọ́tò. Ohun tí Bàbá ń wí náà nìyẹn.

Mo gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ògiri, mo pa ihò dé 8, mo yí òrùka sí mítà 3. Nígbà náà, láti ẹsẹ̀ bàtà 8 títí dé 12 ni ó mọ́. Ẹ wò ó níbẹ̀: ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn, títí kan ibi tí ọ̀dà ti bó. N kò rò pé ẹni tí ó fẹ́ràn awò àtijọ́ yóò yìn mí fún un. Bàbá ní kí n tẹ mẹ́rin.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé nítorí ohun tí ojú èmi náà ti rí. Wọ́n jí fóònù mi ní 2021, fọ́tò ìsìnkú bàbá mi sì bá a lọ.

Ó ku ẹ̀kẹfà. Inú Bíbélì ni Bàbá ti fà á yọ kí n tó lọ: ọkùnrin mọ́kànlá níwájú ibùdókọ̀ rélùwéè wa yìí, ní 1974. Mo yà á, mo tẹ òmíràn. Bàbá dárúkọ méje. Ó fọwọ́ kan ojú àwọn mẹ́rin yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ kò wá. Àwọn tí mo bi léèrè láti ìgbà náà kò mọ̀ wọ́n. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ méje náà sẹ́yìn rẹ̀, nítorí báírò a máa ràn dé iwájú. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ṣe yára fi fún ẹnì kejì. Ẹ̀yin tí ọjọ́ yín pẹ́ níhìn-ín, ẹ wo ẹni tí ó dé fìlà òṣìṣẹ́ ní ọwọ́ òsì, àti àwọn mẹ́ta tí ó dúró lẹ́yìn. Àyè mẹ́rin ṣófo lẹ́yìn fọ́tò náà, pẹ́ńsù sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé.